Èèpo igi, mọ́ọ̀sì tàbí kóró amọ̀: èwo ló yẹ ọ́kíìdì tó ń kú lọ lójú fèrèsé yín?

Lọ́dún tó kọjá, ọ́kíìdì (orchid, òdòdó inú ìkòkò) méjì wà lójú fèrèsé ilé ìdáná mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Súpámákẹ́ẹ̀tì kan náà ni mo ti rà wọ́n, inú ìkòkò ike oní-sẹ̀ǹtímítà 12 kan náà ni wọ́n sì wà. Nígbà tó yá, ewé àwọn méjèèjì rọ, ó hunjọ bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó fọṣọ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Màámi, tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn, wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ní òùngbẹ ni. Láti ọjọ́ náà, kí n tó jí láàárọ̀, wọ́n á ti bu omi sí èyí tó sún mọ́ ẹ̀rọ omi.

"Màámi, ṣé ẹ tún ti bomi rin òdòdó yìí ni?"

"Díẹ̀ ni mo bù sí i. Ṣé o fẹ́ kó gbẹ mọ́ ọ lọ́wọ́ ni?"

N ò lè bá wọn jà. Bí ewédú bá rọ báyẹn lẹ́yìnkùlé, omi náà la ó bù sí i. Ìgbà tí wọ́n padà sílé ni mo tú ìkòkò méjèèjì sórí bébà ìròyìn nílẹ̀. Gbòǹgbò ti àkọ́kọ́ funfun bí fàdákà, ó le, ó gbẹ. Òùngbẹ ni lóòótọ́. Èyí tí màámi ń bomi rin ti di búráùn, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, òórùn rẹ̀ ò sì jìnnà sí ti omi fùfú. Gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà tán, kò sí ohun tó máa fi mu omi tí wọ́n ń bù sí i, òùngbẹ ń pa á láàárín omi. Àmì kan náà lójú ewé, àìsàn méjì tí oògùn wọn ò bára mu rárá.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni kí òun fi gbin ọ́kíìdì òun, ìbéèrè méjì ni mo máa ń fi dá a lóhùn. Kí ni gbòǹgbò rẹ̀ wí? Àti pé, ọwọ́ yín ńkọ́: ṣé ẹni tí kì í lè rí ìkòkò kó má bu omi sí i ni yín, àbí ẹni tó máa ń gbàgbé fún ọ̀sẹ̀ méjì?

Orí igi ló ti wá

Phalaenopsis ni irú ọ́kíìdì tó pọ̀ jù lọ ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Carl Ludwig Blume ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn ní 1825, torí pé òdòdó rẹ̀ jọ àfòpiná tó na ìyẹ́ sílẹ̀. Igbó olóoru Philippines, Indonesia àti agbègbè wọn ni ilé rẹ̀, ara igi ló sì ń gbé níbẹ̀. Kì í ṣe àfòmọ́ o. Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ọ́kíìdì ní gbòǹgbò tirẹ̀, kì í fa omi ara igi tó gbé e. Òjò á rọ̀ sí gbòǹgbò yẹn, atẹ́gùn á fẹ́ ẹ gbẹ, òjò á tún rọ̀. Igbó tiwa náà ní irú ewéko bẹ́ẹ̀: Ansellia africana, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tó ní àmì bí ara ẹkùn, a máa jókòó sórí igi, àní sórí ọ̀pẹ pàápàá. Ta ló ń gbé erùpẹ̀ gun ọ̀pẹ lọ fún un? Ẹ má fi erùpẹ̀ gbin Phalaenopsis, ìbáà jẹ́ erùpẹ̀ olówó iyebíye tí wọ́n dì sínú ọ̀rá. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ fiwéra nísàlẹ̀ yìí, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣe bí ara igi ni.

Ẹ tú u wò

Ẹ ki gbogbo ìkòkò bọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí gbòǹgbò lè rọ̀, lẹ́yìn náà ẹ rọra fún ìkòkò náà látìta, ẹ fa ewéko náà jáde. Gbòǹgbò ọ́kíìdì ní awọ kan lára bíi kànrìnkàn. Bó bá gbẹ, awọ náà á funfun bí fàdákà. Bó bá mu omi, á di àwọ̀ ewé. Èyí tó wà nísàlẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ò kàn lè pọ́n díẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ìka ni kí ẹ fi mọ̀, kì í ṣe ojú. Ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́: èyí tó le, ó wà láàyè. Èyí tó bá jìn sínú, tí awọ rẹ̀ bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ tó wá ku fọ́nrán kan bí òwú, ó ti kú, ẹ fi àlùmọ́gàjí tí ẹ ti nù mọ́ gé e dànù.

Ẹ wo àárín gbùngbùn rẹ̀ náà, lábẹ́ ewé gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹ máa bá odidi kan níbẹ̀ tó tó ẹyin adìẹ, mọ́ọ̀sì (ewéko wẹ́wẹ́ rírọ̀ tó ń mu omi) tí wọ́n fún pọ̀ ni. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti gbin ín nígbà tó wà ní ọmọdé nínú oko onígíláàsì, wọn ò sì bọ́ ọ kúrò kí wọ́n tó gbé e sínú ìkòkò ńlá. Ìta ìkòkò á ti gbẹ, odidi yẹn á ṣì máa sẹ omi. Ibẹ̀ ni ìjẹrà ti bẹ̀rẹ̀ nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo ti tú wò. Ẹ fi ìka ya á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kúrò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka gbòǹgbò tó kù. Bó bá ní mẹ́ta sókè tó le, tó gùn tó ìka ọwọ́, ìtọ́jú ìkòkò lásán ló fẹ́. Bó bá ku ẹyọ kan tàbí méjì, mọ́ọ̀sì ló kàn. Bí kò bá ku ẹyọ kan, ẹ fò lọ sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ọ̀rá.

Ṣé lónìí ni, àbí ká dúró?

Bó bá ní òdòdó lórí, tí gbòǹgbò tí ẹ ń rí láti ara ike sì le, ẹ fi í sílẹ̀. Òdòdó Phalaenopsis lè wà fún oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó parí tirẹ̀, kí ẹ wá pààrọ̀ ìkòkò nígbà tí ẹ bá rí ṣóńṣó gbòǹgbò tuntun tó ń tàn ní àwọ̀ ewé. Àmọ́ bí ẹ bá ti gbọ́ òórùn, kò sí pé à ń dúró de òdòdó mọ́. Ọjọ́ náà ni kí ẹ tú u, kí ẹ sì gé ọ̀pá òdòdó rẹ̀ láti ìdí. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn. Ẹ fi òdòdó ọ̀hún sínú ife omi lórí tábìlì, á ṣì wà fún ìgbà díẹ̀. Ewéko tí kò ní gbòǹgbò kò lè bọ́ òdòdó mẹ́jọ.

Èèpo igi, mọ́ọ̀sì, kóró amọ̀

Èèpo igi páìnì ni mo kọ́kọ́ lò, òun náà ni màá kọ́kọ́ gbé fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún omi. Ẹ wá èyí tí wọ́n gé sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì. Atẹ́gùn ń gba àárín rẹ̀ kọjá, omi tó bá pọ̀ jù á sì ṣàn jáde nísàlẹ̀ kó tó ṣe jàǹbá. Ohun tí wọn kì í kọ sára ọ̀rá rẹ̀ ni pé èèpo tó gbẹ kì í gba omi. Bí ẹ bá dà á sínú ìkòkò bẹ́ẹ̀, omi á máa yọ̀ lórí rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn da omi sórí ewé kókò, ẹ̀yin á rò pé ẹ ti bomi rin ín, gbòǹgbò ò sì rí nǹkan kan mu. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó. Nínú ilé tiwa, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń bomi rin ọ́kíìdì inú èèpo igi, nígbà òtútù ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá. Láàárín ọdún kan sí méjì, èèpo náà á jẹrà, á di nǹkan bí erùpẹ̀, á sì dí ọ̀nà atẹ́gùn. Ẹ ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò mọ bí a ti ń tọ́jú aláìsàn. Gbòǹgbò kan ṣoṣo láàárín èèpo igi tó ń yára gbẹ dà bí ẹni tó fẹ́ fi ṣíbí tíì mu omi kànga.

Mọ́ọ̀sì, sphagnum ni orúkọ rẹ̀ lára páálí, yàtọ̀ sí i. Ó máa ń gbẹ bíi koríko, wọ́n sì máa ń fún un pọ̀ bíi búlọ́ọ̀kù kékeré; ibi tí wọ́n ti ń kó èyí tó dára wá ni New Zealand àti Chile. Bí ẹ bá rẹ ẹ́, á wú bí gàárì. Omi tó lè mú dání wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ìdí nìyẹn tó fi dára fún onígbàgbé àti fún ewéko tí gbòǹgbò rẹ̀ ò pọ̀ mọ́: ọ̀rinrin ń wà nítòsí rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ fún un títí omi ò fi ní kán mọ́, kí ẹ wá to ó yí gbòǹgbò ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ìka lè wọlé. Ẹ má kì í mọ́lẹ̀ bí ẹni ń ki ìrọ̀rí. Ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ló ń gbà kó tó nílò omi lọ́dọ̀ mi. Ewu rẹ̀ ni pé òkè rẹ̀ á gbẹ hàràhàrà, inú rẹ̀ á ṣì tutù, ẹni tó bá fi ojú wò ó á tún bu omi sí i. Ká ní inú mọ́ọ̀sì tó kì dẹ́ńdẹ́ńdẹ́ ni ọ́kíìdì tí màámi ń bomi rin wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ì bá ti kú kí wọ́n tó padà wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ̀kẹta ni kóró amọ̀ tí wọ́n ń pè ní LECA, amọ̀ tí wọ́n yan nínú iná gbígbóná títí ó fi wú, tó sì fúyẹ́. Wọ́n á dà á sínú ìkòkò, wọ́n á jẹ́ kí omi díẹ̀ dúró nísàlẹ̀, kóró náà á sì máa fa omi gòkè fún gbòǹgbò. Ó dùn ún wò, kì í jẹrà, ẹ lè fọ̀ ọ́ kí ẹ tún un lò. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń yìn ín bí ẹni pé kò lábùkù. Èmi ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá a rò. Kò ní oúnjẹ kankan nínú, nítorí náà ajílẹ̀ olómi di dandan, ajílẹ̀ yẹn pẹ̀lú omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù, tó ń fi ẹfun sílẹ̀ nínú kẹ́tìlì wa, á sì máa fi iyọ̀ funfun lẹ̀ mọ́ kóró náà lára, àfi kí ẹ máa da omi mímọ́ ṣàn án lóṣooṣù. Lójú fèrèsé tó tutù, kóró tó rin náà á tún tutù ju yàrá lọ. Èyí tó burú jù: gbòǹgbò tó dàgbà nínú èèpo igi kì í sábà fara mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú wọn á kú, ewéko á sì yọ tuntun tí ipò náà mọ́ lára. Èyí tó lágbára lè fara da àdánù yẹn. Èyí tó ń ṣàìsàn kò lè fara dà á. Mo pa ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ní ọdún kẹta sẹ́yìn, tí mo rò pé mò ń gbà á là. LECA, fún ọ́kíìdì tí ara rẹ̀ ti le, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ gbòǹgbò tuntun.

Èyí tí mo wá ń lò báyìí fún èyí tó ṣì ní gbòǹgbò ni ìwọ̀n èèpo igi mẹ́ta sí mọ́ọ̀sì kan tí mo já wẹ́wẹ́. Inú rẹ̀ ni ọ́kíìdì àkọ́kọ́, èyí tí òùngbẹ ń gbẹ lóòótọ́, wà, ewé rẹ̀ sì ti le padà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn ò ní láti ra èèpo páìnì láti òkè òkun. Èédú àti èèpo àgbọn ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ gé èèpo àgbọn sí wẹ́wẹ́ bíi ṣúgà onígun, ẹ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ títí iyọ̀ inú rẹ̀ yóò fi kúrò. Èédú tí a fi ń dáná, tí iná ò tíì kàn, ẹ fọ́ ọ, ẹ fọ eruku rẹ̀ kúrò, ẹ pò wọ́n ní ìdajì sí ìdajì. Lásìkò ọyẹ́, ó lè gbẹ kíákíá débi pé ẹ máa bomi rin ín ní ọjọ́ méjì-méjì. Ohun tí èédú ò lè ṣe fún yín ni òdòdó: bí ooru bá wà lókè 28°C tọ̀sán tòru, Phalaenopsis á máa yọ ewé ni, torí ìtutù ló ń sọ fún un pé kó yọ ọ̀pá òdòdó. Bí tiyín ò bá yọ òdòdó ní Èkó, ẹ má dá ọwọ́ yín lẹ́bi.

Ìkòkò

Ike tó mọ́ gaara ló borí lọ́wọ́ mi, torí ẹ máa rí gbòǹgbò láìtú u. Bí ooru omi bá ṣì ṣú sára ike láti inú, tí gbòǹgbò sì ní àwọ̀ ewé, ẹ gbé àgé omi yín sílẹ̀. Ìkòkò amọ̀ ń mí, ó ń yára gbẹ, ó dára fún ọlọ́wọ́ omi, àmọ́ gbòǹgbò máa ń lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ lè ní láti fọ́ ìkòkò. Ti tánganran tí kò ní ihò nísàlẹ̀, aṣọ àwọ̀lékè ni. Bí ẹ bá ti bomi rin, ẹ da èyí tó bá dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù. Ẹ má sì rà á tóbi nítorí pé ẹ fẹ́ kó dàgbà. Èyí tí gbòǹgbò bá kún tán náà ló tó, ó lè jẹ́ pé kékeré ni ẹ máa padà sí lẹ́yìn tí ẹ bá gé ìjẹrà kúrò. Gbòǹgbò tó na síta sínú afẹ́fẹ́, ẹ má gé e, ẹ má sì fi tipá kì í wọlé, á kán.

Nígbà tí ẹ bá ń gbìn ín, ẹ jẹ́ kí ìdí ewé ìsàlẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ojú èèpo, kó má rì. Ẹ máa gbá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò pẹ́pẹ́ kí èèpo lè bọ́ sáàárín gbòǹgbò. Bí ẹ bá di ewé mú tó ń mì lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́, ẹ fi igi kékeré tì í, torí gbòǹgbò tuntun tó bá ń ha ara èèpo kì í dàgbà.

Èyí tí kò ku gbòǹgbò kankan

Mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe. Àwọn kan á gbé e sórí ife omi, kí ìdí rẹ̀ má kan omi tán, kó máa rí ọ̀rinrin tó ń gòkè wá. Àwọn kan á tún un gbìn sínú èèpo igi, wọ́n á máa gbàdúrà. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rá, òun ni mo fọkàn tán jù.

Ẹ gé gbogbo ohun tó jẹrà kúrò, ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ bu mọ́ọ̀sì tí ẹ ti fún dáadáa, ẹ̀kúnwọ́ kan, sísàlẹ̀ ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹ gbé ewéko náà lé e lórí, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀, ẹ sì di ọ̀rá náà lẹ́nu. Ọ̀rinrin inú rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ewé máa gbẹ lọ. Ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, tó mọ́lẹ̀, tí oòrùn ò kàn tààrà, ni kó wà. Bí oòrùn bá kan ọ̀rá, ẹ ti sè é nìyẹn. Ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ ṣí i kó mí, kí ẹ wò ó bóyá nǹkan funfun ń hù lára rẹ̀. Kò lè ṣe lọ́sẹ̀ kan. Oṣù méjì, mẹ́ta, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn mìíràn á sì kú náà. Bó bá jẹ́ àárín ewé lókè, níbi tí ewé tuntun ti ń jáde, ló ti dúdú tó sì rọ̀, ẹ má ṣe ara yín ní wàhálà púpọ̀: ó ṣọ̀wọ́n kó yè, àfi bó bá yọ ọmọ láti ìdí.

Sínámọ́nù ńkọ́? Ó ń gbẹ nǹkan ni. Ẹ lè fi díẹ̀ sójú ibi tí ẹ ti gé ewé, ẹ má fi kan gbòǹgbò tó wà láàyè. Hydrogen peroxide, èmi kì í lò ó, torí ó ń jó ibi tó dára mọ́ ibi tó jẹrà. Yìnyín tí wọ́n ní ká máa fi sórí rẹ̀ dípò omi, mo máa ń fi ṣe ẹlẹ́yà tẹ́lẹ̀, àmọ́ àwọn olùwádìí Ohio State àti University of Georgia dán an wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2017: kò pa ọ́kíìdì inú èèpo igi lára. Mo ti dákẹ́ lórí ìyẹn. Síbẹ̀, n kì í fi sí tèmi.

Olówó gidi tàbí ẹlẹ́dìnwó?

Èyí tí wọ́n ti lẹ bébà ẹ̀dínwó mọ́, tí òdòdó rẹ̀ ti rẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù ní súpámákẹ́ẹ̀tì, bí gbòǹgbò rẹ̀ bá le lára ike. Òdòdó tó rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ẹ kàn ṣí ewé rẹ̀ wò lábẹ́, bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú ní kọ̀rọ̀, kòkòrò ni, ẹ má gbé e wọlé bá àwọn tó kù. Olówó gidi tí omi ti dá dúró sí nínú ìkòkò aláràbarà rẹ̀ kò sàn jù ú lọ. Ní ti aláwọ̀ aró tó ń tàn yẹn, aró ni wọ́n fún un. Èyí tó bá tún yọ á funfun. Bí ẹ bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ rà á.

Èyí tó jẹrà lọ́dọ̀ mi lo ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá nínú ọ̀rá. Láàárọ̀ Sátidé kan mo rí nǹkan kan lábẹ́ ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò ju hóró ìrẹsì lọ, ṣóńṣó rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Mo pe màámi lórí fídíò.

"Ṣé ó ti yọ òdòdó?"

"Rárá o, Màámi. Gbòǹgbò ló yọ. Ẹyọ kan."

"Gbòǹgbò? Kí la fẹ́ fi gbòǹgbò ṣe?" Wọ́n sinmi díẹ̀. "Gbé e sún mọ́ bí, jẹ́ kí n rí i."